Bẹ́ńṣì Tí Màámi Yàn

Nílé wa, bí wọ́n bá gbé àwo ẹran síwájú ọmọ nílé onílé, tí wọ́n ní kí ó mú, èyí tó kéré jù ni yóò mú. Bí ó bá mú èyí tó tóbi, ojú tí Màámi yóò fi wò ó láti ibi tí ó jókòó sí kò ní jẹ́ kí ẹran náà gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá. Bí wọ́n bá sì bi í bóyá ó ti jẹun, ó ti yó, ìbáà ṣe pé láti àná ni kò ti fẹnu kan nǹkan. Ẹ̀kọ́ ilé ni wọ́n ń pè é. Mo kọ́ ọ, mo sì fi kọ́ àwọn ọmọ tèmi náà. N kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ̀kọ́ yìí yóò gba ilé ìgbẹ̀bí kan mọ́ ìlú mi lọ́wọ́.

Lọ́kọ́jà ni mo ń gbé, ní Lokongoma, àjọ aláàánú kékeré kan ni mo sì ń bá ṣiṣẹ́. Ọ́fíìsì wa kò ju yàrá mẹ́ta lọ, ní àdúgbò Crusher, lókè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta táyà, tí òórùn rọ́bà fi máa ń bá wa dá sí gbogbo ìpàdé. Iṣẹ́ tiwa ni láti wá abúlé tí kò ní ilé ìwé gidi tàbí ilé ìwòsàn, kí á sì sọ fún àwọn alábàáṣepọ̀ wa ní òkè òkun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì, ní ìlú kékeré kan tí n kò dé rí, tí wọ́n ń ta àkàrà òyìnbó lẹ́yìn ìsìn kí wọ́n lè rí ohun tí wọn yóò fi ràn wá lọ́wọ́. Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Ohun kan tí wọn kì í fi ṣeré ni pé ẹnu àwọn ará abúlé fúnra wọn ni wọ́n fẹ́ gbọ́, pàápàá ẹnu àwọn obìnrin. Àwọn ará ìgboro ti parọ́ fún wọn rí lórúkọ abúlé, ojú wọn sì ti là.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ilé ìgbẹ̀bí kan ni wọ́n fẹ́ kọ́, pẹ̀lú agbẹ̀bí tí yóò máa gbé inú rẹ̀. Abúlé méjì ló kù tí wọ́n ń wò. Ọ̀kan wà lẹ́bàá títì. Ìkejì ni tiwa, ní ilẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀, lẹ́yìn òkè, níbi tí ọkọ̀ ń dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan, tó bá sì di ìgbà òjò, ọ̀kadà ni, tàbí ẹsẹ̀. N kò fi pamọ́ pé ìlú mi ni. Mo dìde nínú ìpàdé, mo sọ bí odò wa ṣe ń gbẹ nígbà ọyẹ́, tí àwọn obìnrin ń rìn lọ síbi tó jìn kí wọ́n tó rí omi tí kò mọ́. Mo sọ bí wọ́n ṣe ń gbé aboyún tó ń rọbí sórí ọ̀kadà, tí ọkùnrin kan á jókòó sẹ́yìn rẹ̀ láti dì í mú, kí wọ́n lè sọ̀ kalẹ̀ dé títì. Mo sọ̀rọ̀ náà dáadáa. Èmi náà gbọ́ ara mi, inú mi sì dùn sí ara mi.

Ohun tí n kò sọ fún wọn ni pé ìyàwó àbúrò mi ọkùnrin ti pàdánù oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí ọ̀kadà yẹn, àti pé ó ti lóyún mìíràn. Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan ni, tó máa ń pè mí ní "ọkọ mi" bí ìyàwó ilé ṣe ń pe ọmọ ilé, tí á kúnlẹ̀ tipátipá kódà bí ikùn rẹ̀ bá ti tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí kò mọ bí yóò ṣe dìde. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ kí ilé ìgbẹ̀bí náà jẹ́ tiwa. Bí agbẹ̀bí bá wà lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì wa, kò ní í gun ọ̀kadà mọ́.

Wọ́n ní ó dáa, pé àlejò kan láti ọ̀dọ̀ wọn ń bọ̀, yóò lọ fojú ara rẹ̀ rí i. Mo pe Màámi lórí fóònù. Mo ní, "Màámi, ọ̀gá mi ń mú àlejò bọ̀ láti òkè òkun. Wọ́n fẹ́ rí bí ẹ ṣe ń gbé."

Ó ní, "Ọ̀gá rẹ gan-an náà ń bọ̀?"

Mo ní, "Ó ń bọ̀, mà."

 Ó wá ní, "Má ṣèyọnu. A ò ní dójú tì ọ́."

Màámi ni olórí àwọn ìyá ìjọ, òun náà ni àwọn obìnrin ìlú máa ń wo ẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun. Mo rò pé ìdùnnú ló ń sọ̀rọ̀. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì lọ san owó mẹ̀ruwà, ọlọ́mi tó ti to kẹ́ẹ̀gì sẹ́nu ọ̀nà, nítorí ẹ̀rọ omi Lokongoma kì í sábà yọ.

Nígbà tí a dé ìlú wa lọ́jọ́ náà, n kò dá a mọ̀. Wọ́n ti gbá ilẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ìlú títí dé ìdí igi máńgòrò. Àwọn àga ṣọ́ọ̀ṣì wà nílẹ̀ lábẹ́ igi náà, kọ́ọ̀pù tuntun tí ẹnìkan ti sáré lọ rà ní Old Market wà lórí tábìlì. Aṣọ ọjọ́ ìsinmi ló wà lọ́rùn gbogbo obìnrin. Ohun tó dẹ́rù bà mí jù ni àwọn dúrọ́ọ̀mù omi. Ní iwájú ilé kọ̀ọ̀kan tó wà lẹ́bàá ọ̀nà tí àlejò yóò gbà, dúrọ́ọ̀mù kan kún fún omi dé etí. Mo mọ ọ̀kan nínú wọn, búlúù kan tí etí rẹ̀ ti ya. Ilé tó wà ní ìpẹ̀kun ìlú ló ni ín. Wọ́n ti yí i wá síwájú. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀ pé àwọn obìnrin ìlú ti ń pọn omi láti ọjọ́ tí mo ti pè, pé wọ́n sì ti gba omi ẹ̀yìn kún omi iwájú.

Aboyún kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀. Mo bèèrè ìyàwó àbúrò mi lọ́wọ́ Màámi ní kọ̀rọ̀. Ó ní ó lọ sóko. Ó ní, "Ta ló ń gbé aboyún síta fún àjèjì kí ó máa wò?"

Àlejò náà jẹ́ ìyá kan tí irun rẹ̀ ti funfun, tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn, tó ti kọ́ ìkíni ilẹ̀ wa, "Òkun o", nínú ọkọ̀, tó sì wí i fún ẹni gbogbo títí dé orí ewúrẹ́. Àwọn obìnrin fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n fún un ní iyán àti adìẹ, ó jẹ ẹ́ tán. Ọ̀gá mi, tó jẹ́ ọmọ Ígálà tí kò gbọ́ Yorùbá ju ìkíni lọ, jẹ tirẹ̀ pẹ̀lú, ó sì ń wo dúrọ́ọ̀mù. Mo rí i pé ó ń wò ó.

Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n ní kí àwọn ọkùnrin lọ síbòmíràn, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó ku àwọn obìnrin, àlejò náà, ọ̀gá mi tó jókòó lẹ́yìn gan-an, àti èmi ògbufọ̀. Èdè Ọ̀wọ́rọ̀ ni wọ́n ń sọ. Mo ń kọ ọ́ síbí bí gbogbo wa yóò ṣe gbọ́ ọ.

Àlejò náà bèèrè bóyá omi wà. Màámi dáhùn pé omi wà, a dúpẹ́.

Ó bèèrè bóyá ibi tí wọ́n ti ń pọn ọ́n jìn. Màámi ní kò jìn púpọ̀.

Ó bèèrè bí nǹkan ṣe máa ń rí nígbà tí obìnrin bá fẹ́ bímọ. Màámi ní, "Ọlọ́run ń bá wa ṣe é."

Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀. Inú ń bí mi. Mo yíjú sí i, mo ní, "Màámi, ẹ sọ bó ṣe rí fún wọn." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Ẹni tí ó bá jẹ́ ọmọ ìyá tó mọ ọmọ tọ́ yóò mọ ẹ̀rín náà. Ẹ̀rín tó ń sọ fún ọmọ pé a ó pàdé nílé ni.

Lẹ́yìn náà ni àlejò bèèrè, ohùn rẹ̀ rọra, bóyá obìnrin kan wà níbẹ̀ tí ọmọ ti kú mọ́ lọ́wọ́ nígbà ìbímọ. Mo túmọ̀ rẹ̀.  Ẹnìkan ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí á rí i." Àwọn yòókù ní, "Àmín." Àwọn kan yí ọwọ́ lé orí wọn, wọ́n fi jù ú nù.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ túmọ̀ ìyẹn? Nílé wa, ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí gan-an ló máa ń yára ṣe àmín. Mo sọ fún àlejò pé wọ́n ń gbàdúrà kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n rí i. Ó mi orí, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní kí n ṣàlàyé fún un pé àdúrà náà kò túmọ̀ sí pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Ó fọwọ́ kan apá mi, ó ní, pẹ̀lú inú rere, pé kí n jọ̀wọ́ máa sọ kìkì ohun tí àwọn ìyá bá sọ. Ọ̀gá mi wúkọ́ lẹ́yìn wa.

Àlejò wá mú àwòrán mẹ́rin jáde, tí wọ́n yà sórí páálí, ó tò wọ́n sílẹ̀. Kànga ẹ̀rọ. Ọ̀nà. Ilé ìgbẹ̀bí, tí nọ́ọ̀sì aláṣọ funfun gbé ọmọ dání níwájú rẹ̀. Bẹ́ńṣì ilé ìwé. Ó fún obìnrin kọ̀ọ̀kan ní òkúta kékeré kan, ó ní kí wọ́n fi sórí ohun tí ọkàn wọn ń fẹ́ jù. Wọ́n ní kí Màámi kọ́kọ́ fi tirẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé òun ni àgbà.

Màámi dúró síwájú àwọn àwòrán náà fún ìgbà pípẹ́. Mo rí ojú rẹ̀ bí ó ṣe ń lọ láti orí ọ̀kan dé òmíràn. Ó dúró lórí nọ́ọ̀sì náà, kò sì fẹ́ kúrò níbẹ̀. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó rọra gbé òkúta rẹ̀ sórí bẹ́ńṣì.

Èyí tó kéré jù nínú àwo ni.

Gbogbo wọn tẹ̀ lé e. Òkúta ń bọ́ sórí bẹ́ńṣì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ọkọ gbé tirẹ̀ sórí ilé ìgbẹ̀bí, ó wẹ̀yìn, ó rí i pé òun nìkan ló wà níbẹ̀, ó sì yára mú un, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn yòókù. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni n kò rí ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Nínú ọkọ̀, nígbà tí a ń padà bọ̀, àlejò wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ó yíjú sẹ́yìn, ó sọ fún mi pé ó dùn mọ́ òun láti rí abúlé tí nǹkan ti rọ̀ wọ́n lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀, pé ó yẹ kí ìlú mi máa wú mi lórí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá mi tẹ̀ sí mi létí, ó ní, "Madam, so na your papa house you wan carry clinic go." Kò bínú tí ó fi sọ ọ́. Bí ó bá bínú ni, ì bá sàn. Ojú tì mí débi pé bí ilẹ̀ bá lanu, èmi ni n ó kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀, pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

Nínú ọ́fíìsì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Landlady. Wọn kò ní in lọ́kàn láti pa mí lára. Bí a ṣe ń ṣe ní Lọ́kọ́jà ni, àti Ebira, àti Nupe, àti Yorùbá, a máa ń fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́ kí iṣẹ́ lè lọ. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Bí mo bá délé, mo máa ń jókòó sínú kẹ̀kẹ́ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a ti dúró, títí ọlọ́kẹ̀kẹ́ á fi bi mí bóyá n kò ní sọ̀ ni.

Màámi pè mí lọ́jọ́ kejì ìbẹ̀wò náà. Ohùn rẹ̀ ń dán. "Ṣé inú wọn dùn?"

Mo ní, "Inú wọn dùn, mà."

"A ò dójú tì ọ́?"

"Rárá, mà."

Mo ju fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ mi bi mí pé ta ló ṣẹ̀ mí. Mo ní kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí. Ẹ ò rí i pé èmi náà ti gbé òkúta tèmi sórí bẹ́ńṣì.

Wọ́n fún abúlé ẹ̀bá títì ní ilé ìgbẹ̀bí. Nígbà tí ọ̀nà ṣì gbẹ, wọ́n kó bẹ́ńṣì wá fún ilé ìwé tiwa, bẹ́ńṣì gidi, onígi líle, tí wọ́n kùn ní búlúù, tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan pé ẹ̀bùn àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní òkè òkun ni. Màámi fi iṣu ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá òun fún ìyá arewà onírun funfun yẹn. Ìgbà yẹn ni inú mi kò gbà á mọ́. Mo lọ sílé lọ́jọ́ Sátidé kan, mo jókòó síwájú rẹ̀ nílé ìdáná, mo bi í léèrè pé kí ló dé.

Ó wò mí bí ẹni pé mo ń sọ èdè mìíràn. Ó ní, "Kí n tẹ́ ọwọ́ agbe síwájú àlejò ọmọ mi? Kí ọ̀gá rẹ máa wò mí? Bí wọ́n bá rí wa nínú ìdọ̀tí, ṣé wọn ò ní sọ pé ibi tó ti wá nìyẹn? Ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án."

Mo ní, "Màámi, èmi ni mo sọ fún wọn pé ìyà ń jẹ wá. Wọ́n wá wò ó. Ẹ ní ìyà kankan ò jẹ yín. Wọ́n rò pé irọ́ ni mo pa."

 Ó fi ọmọrogùn lélẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ilé ìgbẹ̀bí inú àwòrán yẹn. Ṣé wọ́n máa gbé e wá lóòótọ́ ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, "Mo rò pé àwòrán lásán ni. Àwọn olóṣèlú máa ń gbé àwòrán wá. Mo rò pé wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀kánjúwà ni wá ni." Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìwọ ló yẹ kó sọ fún mi."

Òótọ́ ni. Lórí fóònù, mo sọ pé wọ́n fẹ́ rí bí ẹ ṣe ń gbé, mo sì rò pé ó tán. Mo ti pẹ́ nínú ọ̀rọ̀ àjọ débi pé mo ti gbàgbé ohun tí "àlejò ń bọ̀" túmọ̀ sí létí ìyá mi. Àwa méjèèjì jókòó, ìkòkò ń hó, kò sẹ́ni tó wo ojú ẹnìkejì. Ìyàwó àbúrò mi wọlé, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀." Ikùn rẹ̀ ti yọ síta. A fi ẹnu kò síbẹ̀ pé yóò wá bá mi gbé ní Lokongoma bí ó bá ku oṣù kan kí ó bí. Mo gbá yàrá àwọn ọmọ sílẹ̀ dè é.

Oyún kò mọ àdéhùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà òjò, àbúrò mi pè mí. Ó ń pariwo nítorí afẹ́fẹ́ ń gba inú fóònù. Ìrọbí ti mú ìyàwó rẹ̀ láìtọ́jọ́, kò sì lè jókòó sórí ọ̀kadà rárá. Àwọn ọkùnrin ti ṣílẹ̀kùn ilé ìwé, wọ́n ti gbé bẹ́ńṣì kan, wọ́n tẹ́ ẹ sórí rẹ̀, wọ́n fi ìró dì í mọ́ ọn, wọ́n sì ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè lórí èjìká. Ní títì, ọkọ̀ kan tó ń kó èédú gbà láti gbé wọn wá sí Lọ́kọ́jà. Wọ́n gba iwájú abúlé kejì kọjá, ilé ìgbẹ̀bí sì ti dúró níbẹ̀. Àgádágodo ló ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, nítorí pé ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n fẹ́ ṣí i. Àlejò wa onírun funfun ti dé nítorí ayẹyẹ ṣíṣí rẹ̀.

Mo pe ọ̀gá mi pé n kò ní lè wá síbi iṣẹ́, mo sọ ìdí rẹ̀ fún un, mo sì wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ọsibítù.

Bẹ́ńṣì náà ni mo kọ́kọ́ rí. Ó wà ní gbangba nínú ọgbà, búlúù, ọ̀rọ̀ funfun ara rẹ̀ ṣì ń tàn, èédú àti ohun mìíràn sì ti yí i. Màámi jókòó sí ìpẹ̀kun rẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní bàtà. Àwọn tó ń kọjá ń ka ohun tí wọ́n kọ sára bẹ́ńṣì, wọ́n sì ń wo Màámi. Mo jókòó tì í. 

Nọ́ọ̀sì kan jáde. Ó kí Màámi pẹ̀lẹ́ ní Hausa, ó ní, "Mama, sannu. The mother dey alive." Ó dúró níbẹ̀. Kò sọ èyí tó kù, kò sì sí ẹni tó bi í. Àbúrò mi yí ojú sí ògiri.

Ibẹ̀ ni a wà tí ọ̀gá mi àti àlejò náà fi dé. Àlejò sáré wá bá mi, ó sì dúró lójijì. Ó ti rí bẹ́ńṣì náà. Ó ka ohun tí àwọn ará ìlú rẹ̀ kọ síbẹ̀, mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń mì. Ó bi mí léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sọ ọ́ fún un ní kúkúrú. Ó wá wo Màámi, ó ní kí n bá òun bi í bóyá irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí ní abúlé.

Mo ní n kò ní bi í. Mo ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, kí á má tíì wá sọ ti èyí tó ti lọ. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. 

Màámi ní, "Kí ló ń wí?"

Mo sọ ọ́ fún un.

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí itan rẹ̀. Ó ní, "Bí mo bá ṣe ń sọ ọ́ ni kí o máa sọ ọ́. Má fi kún un, má sì yọ kúrò níbẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀. "Ìyàwó alágbẹ̀dẹ, ọ̀kan." Mo túmọ̀ rẹ̀. "Ìyá ìbejì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó tó bí àwọn ìbejì yẹn, ọ̀kan." Mo túmọ̀ rẹ̀. "Ọmọ tó ń kọrin fún wa lọ́jọ́ ìsinmi, òun àti èyí tó wà níkùn rẹ̀, wọ́n jọ lọ ni." Ó ń lọ láti ilé dé ilé, bí ẹni tó ń gba ojú ọ̀nà ìlú kọjá. "Ọ̀dọ́bìnrin tó gbé òkúta rẹ̀ kúrò lórí ilé ìgbẹ̀bí, tí a fi rẹ́rìn-ín, òun náà, ọ̀kan." Àlejò bo ẹnu rẹ̀. "Ìyàwó ọmọ mi yìí, ìkejì nìyí."

Ó dúró. Mo rò pé ó ti tán.

Ó ní, "Tèmi, méjì. Kí n tó bí ọ."

Ní iṣẹ́ ògbufọ̀, wọ́n kọ́ wa pé bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá wí pé "èmi", kí àwa náà wí pé "èmi". Bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Nítorí náà, ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́ ní èdè àlejò, pé méjì ni tèmi, kí n tó bí èyí. Ọ̀gá mi wò mí, ó sì wo Màámi, kí ó tó yé e ti ẹni tí í ṣe.

Àkọ́bí ni wọ́n ń pè mí láti kékeré. Mo ti fi ìpò àkọ́bí jìyà, mo ti fi gba ẹran. Mo dìde nínú ìpàdé ní Crusher, mo sọ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn obìnrin ìlú mi, mo sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. N kò mọ ìyá tó bí mi. Ojú tó ti ń tì mí láti ìgbà tí wọ́n ti ń pè mí ní Landlady, mo rí i báyìí pé ara mi ni mo ń káàánú pẹ̀lú rẹ̀. Ojú tó tì mí lórí bẹ́ńṣì yẹn kì í ṣe irú ẹ̀ gan-an.

Màámi ní, "Sọ fún un pé ilé ìgbẹ̀bí la fẹ́. Lọ́jọ́ yẹn náà, òun la fẹ́."

Mo sọ ọ́. Àlejò ń sunkún. Ó ní òun yóò sọ fún àwọn ènìyàn òun nílé. Kò ṣe ìlérí kankan, n kò sì fi kankan kún un fún un.

Ó pẹ́ kí àwọn ọkùnrin tó gbé e tó rántí pé bẹ́ńṣì ilé ìwé ni. Màámi ló rán wọn létí. Ó ní àwọn ọmọ ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láti òwúrọ̀ ní kíláàsì kan, ó yẹ kí á fọ̀ ọ́ kí á sì dá a padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá omi. Ọ̀gá mi gbọ́ ohun tí mo ń túmọ̀ fún àlejò, ó ní ọkọ̀ àjọ wà níta, pé yóò gbé bẹ́ńṣì náà àti ìyá wa dé ìsàlẹ̀ òkè.

Kí n tó túmọ̀ rẹ̀ tán, Màámi ti gbé ọwọ́ sókè. "Kí ó má ṣèyọnu. A dúpẹ́. A ó rí ọkọ̀—"

Ó dá ọ̀rọ̀ náà dúró sí àárín. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè. Ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀, ó sì wo ọ̀gá mi lójú.

Ó ní, "Sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni. A fẹ́ ọkọ̀."

A fọ bẹ́ńṣì náà lẹ́nu ẹ̀rọ omi ọsibítù, èmi àti òun. Omi náà pọ́n, lẹ́yìn náà ó dúdú, lẹ́yìn náà ó mọ́. Nígbà tí a fẹ́ gbé e lọ síbi ọkọ̀, Màámi di ìpẹ̀kun rẹ̀ kan mú, kò jẹ́ kí àwọn ọkùnrin gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wo ojú mi.

Ó ní, "Mo ti dójú tì ọ́ lónìí."

 Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì gbé ìpẹ̀kun kejì.